Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Ọjọ́ Kan Ló Dín

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀, ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga. Fíìsà ọmọ wa ti jáde. Ọmọ tí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ti wọ kíláàsì ní Ìlú Ọba. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ijó pọ̀, ìkọ́kọrẹ́ kárí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a jẹ́ kò kún. Ọ̀pọ̀ ló lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ ayé ló dì í mú, tí àdúrà wá já a gbà. Àdúrà gbà lóòótọ́. Ọwọ́ ayé ni kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló dín nínú státímẹ́ǹtì báǹkì. Àwa Ìjẹ̀bú mọ owó kà. Ọjọ́ la ṣì kà. Nítorí ọmọ ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn la ṣe ń tún un jẹ́ níbí, tòun ti iye àti ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí owó. Yunifásítì tó bá gba ọmọ máa fún un ní CAS, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á láti wá kàwé. Nọ́ńbà ni, kì í ṣe ìwé tí à ń fi kọ́ ara ògiri. Ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí fíìsà, ń kà: iye owó ilé-ẹ̀kọ́, iye tí a ti san, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì ni ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀, owó oúnjẹ àti ilé jẹ́ £1,136 lóṣù fún ẹni tí kò ní kàwé ní London, ìyẹn £10,224 fún oṣù mẹ́sàn-án. Ti London jẹ́ £1,483 lóṣù. Láti ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti di £1,171 àti £1,529. £10,224 àná di £10,539. Ẹni tó bá ń fi iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò lọ́dún tó kọjá ṣírò, kòtò ló ń rìn lọ bá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ £16,000, tí a ti san £5,000, tí CAS sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, £11,000 ló kù. Ẹ fi £10,539 lé e, ó di £21,539. Ká ní pọ́ùn kan jẹ́ ₦2,000, ₦43,078,000 nìyẹn. Ẹni tó bá kó ₦43,078,000 gééré síbẹ̀, tí pọ́ùn wá di ₦2,050 lọ́jọ́ tó sanwó fọ́ọ̀mù, owó rẹ̀ ti fi £525 dín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Iye tí OANDA, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ iye ṣíṣẹ́ owó, bá kọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti báǹkì wa, kì í ṣe ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà. Lójú tiwa, kí èèyàn fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Ó ń wọni lọ́rùn, a mọ̀.

Lẹ́yìn iye ló kan ọjọ́. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra, kí ó má wálẹ̀ ju iye náà lọ lọ́jọ́ kankan. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ 28 yẹn kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀. Ọjọ́ tí a sanwó fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ ìfìwésílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a lọ tẹ̀ka l'Ékòó.

Ibí ni tiwa ti wọ́. Àlẹ́ẹ̀tì dún lálẹ́ ọjọ́ 3, oṣù keje. A kà á bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, tòní wà nínú rẹ̀: láti ọjọ́ 3 dé ọjọ́ 30, ọjọ́ 28 pé. Ṣùgbọ́n báǹkì ti parí ìṣirò ọjọ́ náà kí owó tó wọlé, ọjọ́ 4 ló wà nínú státímẹ́ǹtì. Láti ọjọ́ 4 dé ọjọ́ 30, 27 ni. Òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé wò kò rí àlẹ́ẹ̀tì wa. Ìlà tó wà níwájú rẹ̀ ló kà, kò sì ṣì í kà.

Owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí báǹkì ń yọ náà ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́kún: owó àtẹ̀jíṣẹ́, owó káàdì. Bí owó bá jẹ́ gééré, tí báǹkì yọ ₦100 péré lọ́jọ́ kọkàndínlógún, gbogbo ohun tí a ti kà ti dàlẹ̀. Ọjọ́ tí a bá dá ₦100 náà padà ni kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Nígbà kejì, owó wọlé ní ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá. Ó jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ogójì ọjọ́ gbáko, ìwé sì wọlé ní ọjọ́ 17. Àlékún tó wà lórí owó náà ló yọ wá, torí iye tuntun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, nígbà tí owó ti wà ní báǹkì. A dúpẹ́ lórí àlékún.

Àkáǹtì ta ni? Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Home Office kò mọ igba ojú. Fún ọmọ tí kò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, àkáǹtì tirẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ni ká máa wò. Àǹtí tó tọ́ ọ láti jẹ́lé-ó-sinmi kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣòwò obì ní Ṣágámù kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n fi owó náà sí àkáǹtì ọmọ kí ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ tí ìyá kó náà bẹ́ẹ̀: kí ó gbé e lọ sí àkáǹtì rẹ̀ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Bí àkáǹtì òbí la bá lò, ìwé ọjọ́ ìbí tí National Population Commission fún ọmọ gbọ́dọ̀ bá a lọ, pẹ̀lú lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí pé ọmọ òun ni, òun sì gbà kí ó lo owó náà.

Àwọn ẹjẹ́ńtì kan á ní àwọn lè ṣe státímẹ́ǹtì fún yín. Ẹ sá. Home Office máa ń béèrè lọ́wọ́ báǹkì, ìwé ayédèrú sì lè gbé ìdènà ọdún 10 wá. Ọjọ́ kan tó dín, oṣù mẹ́ta la fi tún un ṣe. Ti ayédèrú, ọdún mẹ́wàá ni.

Orúkọ náà ń dá ìjà sílẹ̀, pàápàá orúkọ wa tó ní ṣ. Odùṣọlá lè jẹ́ Odusola nínú pásípọ́ọ̀tù, kí WAEC kọ ọ́ ní Odushola. Kí ọmọ tó béèrè CAS ni ká ti tò ó: ìwé ìbúra ilé ẹjọ́, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn bí orúkọ bá yàtọ̀ gan-an.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife wà fún ẹni tó bá máa lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìkẹjà la ti ṣe é, ní ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ sókè òkun. Ẹni tó bá ń ti Ìjẹ̀bú lọ, kí ó kúrò nílé ní ìdájí, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà lẹ́yìn Ṣágámù kì í mọ̀ pé èèyàn ní àdéhùn. Wọ́n á ya fọ́tò àyà. Bí fọ́tò náà ò bá mọ́ kedere, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí náà ẹ má fi dọjọ́ ìkẹyìn. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò. Ti oṣù keje wa ṣì wúlò ní oṣù kọkànlá, a ò tún un ṣe.

Bí wọ́n bá dá ìwé padà ńkọ́? Owó ìlera tí a san lórí fọ́ọ̀mù máa padà. £776 ni lọ́dún. Fún ẹ̀kọ́ ọdún kan ó ń di £1,164, torí fíìsà máa ń gùn ju ẹ̀kọ́ lọ. Owó fíìsà, tí í ṣe £524 nígbà náà, ti wọgbó. Ààyè wà láti ní kí wọ́n tún ìpinnu yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ 28, £80 ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń tún ṣe. Tiwa ni àṣìṣe wà, a ò ná £80 náà. CAS tuntun la gbà, ti oṣù kìíní ọdún 2026. Fọ́ọ̀mù kejì sì béèrè bóyá wọ́n ti kọ ìwé rẹ̀ rí. A kọ bẹ́ẹ̀ ni, a kọ ọjọ́, a kọ ìdí. Ẹni tó bá fi í pamọ́ ti fi irọ́ kún àṣìṣe.

Ìwé tó jáde kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù mọ́. eVisa ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, nínú àkáǹtì UKVI, ẹ̀ka Home Office tó ń bójú tó fíìsà. Kí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹjẹ́ńtì. Bó bá pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù, kí ó lọ yí i padà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà, Monday sí Sunday. Wọn ò sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ṣòwò. Irun tí ọmọ ń di fún ọ̀rẹ́ ní yàrá, tó ń gbowó, òwò ni. Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ò lè bá a lọ láti ọdún 2024, àyàfi bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi ti PhD, tàbí ẹ̀kọ́ tó ju oṣù mẹ́fà lọ tí ìjọba ń san owó rẹ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wa kúnlẹ̀. A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báǹkì kan, ọmọdébìnrin, tí kò bínú nígbà tí a wá pariwo lé e lórí. Ó tẹ státímẹ́ǹtì àkọ́kọ́ jáde, ó fi bírò pupa yí 4 po, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó." Ìwé náà wà nílé. Ẹni tó bá ń kó ìwé ọmọ jọ, kí ó yà wá wò ó.