Ìkànnì tí a lè fọwọ́ bá ṣeré

Ọ̀pọ̀ ìkànnì aládàáni ló jọra: àròkọ tuntun ló máa ń wà lókè, tí àwọn ti àtijọ́ á sì máa wọlẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí mọ́. Àwọn ti àtijọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àlejò máa ṣalábàápàdé, ìdí nìyí tí mo fi ya ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì mi bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí wọ́n pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó sì máa ń wà lára iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan jẹ́ àròkọ kan. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni àròkọ náà ṣe gùn tó. Bí ó bá sì ṣe dúdú tó ni ó ṣe pẹ́ tó, torí bí aláró bá ṣe ń ri aṣọ léraléra ni ó ń dúdú sí i. Bí ènìyàn bá fìka kàn án, àwọn ìlà funfun á yà sọ́tùn-ún sósì, àkọlé á yọ láàárín wọn. Ìfọwọ́kàn kejì ló ń ṣílẹ̀kùn.

Èrò pé kí a pín ojú ewé kan sí igun mẹ́rin mẹ́rin, kí fífẹ̀ wọn sì dúró fún ìwọ̀n ohun tó wà nínú wọn, kì í ṣe tèmi. Ben Shneiderman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 1990, nígbà tí dísìkì kọ̀ǹpútà oní 80 mẹ́gábáìtì tí ènìyàn 14 jọ ń lò kún, tí ó sì fẹ́ mọ ohun tó gba àyè ibẹ̀.

Bruno Simon, ará Faransé tó ń ṣe ìkànnì tó dà bí eré, gba ọ̀nà mìíràn: ọkọ̀ kékeré ni àlejò ń wà kiri ìkànnì rẹ̀ kí ó tó kan àwọn iṣẹ́ rẹ̀. (Mo ti fi ọkọ̀ náà gbá lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ṣubú, ó sì dùn mọ́ mi.) Ó bá a mu, torí eré yẹn gan-an ni ọjà tó ń tà, ṣùgbọ́n ta ni yóò wakọ̀ kí ó tó ka àròkọ mi, tí dátà rẹ̀ á sì máa jó lọ?

Mo fi ìtò àkọlé lásán sísàlẹ̀ fún àwọn afọ́jú tí fóònù ń kàwé fún, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà kì í mira fún ẹni tó bá ti pa ìmìrìn àwòrán lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn àròkọ kúkúrú ló kù: igun wọn kéré débi pé ìka kò lè bá wọn, mo bá fẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Aṣọ náà ń purọ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.