Mo Wá Ohùn Gauhar Jaan Dé Kolkata

Giramafóònù bàbá àgbà ló kó mi sí ọ̀nà yìí. Ilé wa ní Abẹ́òkúta ló wà, lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ la fi ń wáìn ín, ó sì ṣì ń kọrin dáadáa. Ọjọ́ tí mò ń to àwọn àwo orin tí bàbá fi sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Àṣé lákì ni. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ní ilẹ̀ Íńdíà ló ń sun ún sára ẹ̀ka igi. Wọ́n á ha á, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á pò ó mọ́ òkúta tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú nǹkan dúdú, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ bí àwo. Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú lákì ayé ti ń wá nígbà náà. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin 43 fún ilé iṣẹ́ àwo orin Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, irú àwo yìí ni ohùn Ẹ̀gbá bọ́ sí. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti gbélé mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tó ni ilẹ̀ tí lákì ti wá, pàápàá ti Gauhar Jaan, obìnrin olórin Íńdíà ayé àtijọ́.

Mumbai ni mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí, mo sì gba Chor Bazaar lọ. Olè ni wọ́n ń pè ní "chor", ọjà olè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Mutton Street, àtùpà bàbà, aago ògiri àti àga àtijọ́ gun orí ara wọn débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ra àwo méjì lọ́wọ́ ẹnì kan níbẹ̀. Bí mo ṣe sanwó tán, ó mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sínú sípírítì, ó sì nu ọ̀kan nínú wọn títí ó fi ń dán. Inú mi dùn sí i. Mi ò mọ̀ pé ojú mi ló ṣe ń ba nǹkan mi jẹ́.

Rélùwéè gbé mi láti Mumbai dé Howrah, létí Kolkata, ó sì ju ọjọ́ kan lọ kí a tó débẹ̀. Takisí aláwọ̀ ìyeyè ló gbé mi kọjá afárá ńlá wọ ìgboro Kolkata. Mirza Ghalib Street lorúkọ tí ìjọba fún àdúgbò tí mò ń wá, ṣùgbọ́n Free School Street ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè é. Bàbá kan jókòó níbẹ̀ láàárín àwo tó ga dé èjìká rẹ̀. Dada ni àwọn tó ń kọjá ń pè é, bí ìgbà tí àwa bá pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n gbé tíì wá fún mi nínú ife amọ̀ kékeré.

Mo gbé àwo tí wọ́n nù ní Mumbai lé e lọ́wọ́. Ó gbé e síwájú iná, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì kẹ́dùn. Ó fi abẹ́rẹ́ lé e. Ariwo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù la gbọ́, ohùn èèyàn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà jíjìn, kò sì jáde. Sípírítì máa ń yọ́ lákì. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí inú sípírítì kan náà ni àwọn káfíńtà ti ń yọ́ ọ kí wọ́n tó fi pa àga. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni Dada fi ń fọ tirẹ̀. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń gbà ló ń tẹ̀ lé yípo yípo, kì í sì í jẹ́ kí omi kan bébà àárín.

Lẹ́yìn náà ló mú àwo kan jáde nínú àpò aṣọ. Ojú kan ṣoṣo ló ní orin. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, áńgẹ́lì kan ló wà níbẹ̀ tó di kálàmù ìyẹ́ mú, tó ń kọ̀wé. Mo fi ìka kan ìyẹ́ apá rẹ̀, ó gún mi lọ́wọ́ díẹ̀. Hanover, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ní 1902 ni Fred Gaisberg, agbohùnsílẹ̀ ilé iṣẹ́ àwo orin kan, gbé ẹ̀rọ wá sí Kolkata láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba orin tó lé ní 500 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọ̀gá olórin ọkùnrin kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ náà yóò gba ohùn wọn lọ, obìnrin tó pera rẹ̀ ní ọmọlúàbí kò sì gbọdọ̀ kọrin fún àjèjì. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ orin àti ijó ló jáde. Ní November 11, Gauhar Jaan dúró síwájú ìwo ńlá náà. Kò sí maikirofóònù nígbà náà, inú ìwo lèèyàn ń kọrin sí, agbára ọ̀fun ló ń gbọn abẹ́rẹ́ tó ń gé ìda. Orin tó lè gba wákàtí kan lójú agbo, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló ní láti kó o sí. Bó bá ti parí, á dárúkọ ara rẹ̀ sókè lédè Òyìnbó, kí àwọn òṣìṣẹ́ ní Hanover lè mọ ẹni tó ni ohùn. Mo gbà pé torí iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyangàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí onísákárà wa ṣe ń dárúkọ ara rẹ̀ lórí agbo gan-an nìyẹn.

Dada kò ní ta àwo áńgẹ́lì yẹn, mi ò sì dán an wò láti bi í. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn náà, tó ní orin lójú méjèèjì, ló tà fún mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwo ti wà ní Sealdah, ní Kolkata fúnra rẹ̀, láti 1908, kò sí pé à ń rán ìda lọ sí Jámánì mọ́. Dum Dum ni wọ́n kọ́ èyí tó tóbi sí nígbà tó yá, Dum Dum náà sì ni pápákọ̀ òfurufú wà. Mo di àwo náà sínú ìwé ìròyìn àti aṣọ mi, mo gbé e lé itan, mi ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí a fi dé Èkó.

Ní Abẹ́òkúta, bàbá mi wáìn giramafóònù fúnra wọn. Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n mi orí, wọn ò sọ̀rọ̀. Orin ti fẹ́ parí kí wọ́n tó kọjú sí mi.

"Ta ni obìnrin yìí?"

Kí n tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn láti inú àwo: "My name is Gauhar Jaan!"