Ẹ̀yin Tí Ìwé Ìlú Abẹ́ Yanrìn Gbé Dé Ìdí Iṣẹ́ Yìí

Ọdọọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá bá wa lọ sí ibi tí a ti ń walẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kìíní ni mo máa ń bi wọ́n pé kí ló gbé wọn dé ìdí iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Wọ́n á kọ́kọ́ purọ́. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ gbé àṣà wa lárugẹ, èkejì á ní ìtàn àwọn baba ńlá wa ló ń jẹ òun lọ́kàn. N ó dákẹ́. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀fọn ti jẹ wá tó, tí gààrí ti ń lọ sílẹ̀, ẹnì kan á jẹ́wọ́: “Ọ̀gá, ìwé ni mo kà o. Ìwé ìlú kan tó rì sínú yanrìn.” Ojú á tì í. Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, kó tó di pé àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ojú má tì yín. Bí èmi náà ṣe dé nìyẹn. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí mo rí ìwé kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, bí ogún ojú ewé sì ti já kúrò nígbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan, máàpù kan tí etí rẹ̀ jóná, ràkúnmí mẹ́rin, omi tó ń tán lọ, àwọn ọ̀tá tó ń tọ ipa ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn òkúta ti ń ṣí gẹ́lẹ́ ni ìwé ti tán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe rà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́, èmi ni mo máa ń parí ìwé yẹn fúnra mi.

Iṣẹ́ ló padà jẹ́ kí n mọ ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí fi fẹ́ràn aṣálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ń jẹun. Ẹ ri igi mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí òjò pa á fún ọdún mélòó kan, kí ikán dé bá a, kí ẹ wá padà wá a. Aṣọ, awọ, ewé, ìwé, gbogbo rẹ̀ ló ń bá ilẹ̀ lọ. Àpáàdì, ìdàrọ́ àti òkúta ló máa ń ṣẹ́ kù fún wa. Yanrìn gbígbẹ kì í jẹun. Nígbà tí Aurel Stein, ọmọ Hungary tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, dé àwókù ìlú Niya nínú aṣálẹ̀ Taklamakan, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ní ọdún 1901, ó bá àwọn wàláà onígi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Okùn tí wọ́n fi dì wọ́n ṣì wà lára àwọn mìíràn, amọ̀ tí wọ́n tẹ èdìdì sí wà lórí okùn, ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Lẹ́tà tí ẹnì kan dì, tí ẹni tó ni ín kò ṣí rí! Nínú àwọn èdìdì náà, Stein rí àwòrán Athena, òrìṣà obìnrin àwọn ará Gíríìkì, ní àárín gbùngbùn Éṣíà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó hùmọ̀ ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀?

Mo gbà pé ìyẹn ló fà á tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi pọ̀ lórí Ẹrédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: odi àti yàrà tó lọ yípo nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ní 1999 tí Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fáyé gbọ́, àwọn oníwèé ìròyìn òkè òkun pariwo ìlú tó sọnù, wọ́n pariwo ọbabìnrin Ṣẹ́bà, nítorí Bilikísù Sùngbọ́ tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gba inú yàrà náà kọjá lọ sóko lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó sọnù.

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà lára ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn aṣálẹ̀. Nínú ìtàn ọdẹ tiwa, bí ọdẹ bá ṣìnà nínú igbó, á rí èso jẹ, iwin á gbà á lálejò, ó tilẹ̀ lè fẹ́ ọmọ iwin kó tó padà wálé. Aṣálẹ̀ kò ní irú àánú yẹn. Kẹ́ẹ̀gì omi ni aago ìtàn: ẹ ṣáà ń ka iye tó kù nínú rẹ̀, ẹ ò sì lè pa ìwé dé. Ní 1895, Sven Hedin, arìnrìn-àjò ará Sweden, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ Taklamakan láìgbé omi tó tó dání. Àwọn kan kú síbẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá rí omi, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi bù ú padà lọ fún ìránṣẹ́ rẹ̀ tó ṣubú lẹ́yìn. Mo máa ń sọ ibi bàtà yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán gangan nínú oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbàgbé kẹ́ẹ̀gì omi sílé mọ́.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú ìtàn Hedin jẹ́ ti ọdún 1900. Ó padà sí aṣálẹ̀ náà, omi tí wọ́n gbé dání kò sì gbà wọ́n láyè àtidúró. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga, wọ́n rí i pé ṣọ́bìrì ti di àwátì: wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbi tí wọ́n ti sinmi ṣáájú. Ördek, ọmọ ilẹ̀ náà tó ń mú wọn rìn, ló padà lọ gbé e lóru. Ìjì yanrìn bò ó, ó ṣìnà, ó sì kọsẹ̀ wọ àwókù ilé tí igi ọnà wà káàkiri inú rẹ̀. Ó gbé díẹ̀ nínú igi náà wá fún ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ìlú Loulan nìyẹn. Ọdún kejì ni Hedin tó lè padà wá walẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ṣọ́bìrì ló rí ìlú. Nínú àwọn ìwé tí ẹ ń kà, irú Ördek ló máa ń gbé ẹrù, òun náà ló máa ń kú ní orí kẹfà, òǹkọ̀wé kì í sì í fún un lórúkọ. Mo ti wá sọ ọ́ di àṣà: tí mo bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ báyìí, ẹni tó ń mú wọn rìn ni mo máa ń wá kiri inú rẹ̀.

Ìfẹ́ tí ìwé náà gbìn sí yín lọ́kàn, ẹ má pa á. Ẹ kàn má jẹ́ kó dé ojú yín, nítorí ó máa ń fọ́ni lójú. Ní nǹkan bí ọdún 1895 sókè, ọkùnrin kan ní Khotan, ìlú kan létí aṣálẹ̀ Taklamakan, tí ń jẹ́ Islam Akhun rí i pé àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Rọ́ṣíà ní ìlú Kashgar ń fi owó gidi ra ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Kí ló dé tí yóò fi máa jìyà nínú yanrìn? Ó jókòó sílé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó hùmọ̀ lẹ́tà tí kò sí nínú èdè kankan, ó fi èéfín sọ pépà di ti àtijọ́, ó da yanrìn sí àárín ojú ewé. Nígbà tó yá tí ọjà ń tà, ó fi kíkọ sílẹ̀, ó gbẹ́ igi tó ń fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Hoernle ní Íńdíà, ọ̀mọ̀wé àgbà nínú àwọn èdè ilẹ̀ náà, ọkùnrin tó mòye ju ọ̀pọ̀ wa lọ, ó sì fara balẹ̀ ń gbìyànjú láti ka ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ní 1901 ni Stein pe Islam Akhun jókòó, tó sì bi í títí ó fi jẹ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí Stein fura rọrùn: gbogbo ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti walẹ̀, kò rí ìwé kan ṣoṣo tó jọ tọkùnrin náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, torí Islam Akhun tún bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun lọ sí ilẹ̀ òyìnbó.

Philby, arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì, náà wá ìlú Wabar lọ sí Rub' al-Khali, aṣálẹ̀ ńlá ilẹ̀ Lárúbáwá, ní 1932. Àwọn ará aṣálẹ̀ ti sọ fún un pé iná ọ̀run ló sọ̀ kalẹ̀ pa ìlú náà run. Nígbà tó débẹ̀, kòtò ńláńlá ló bá, pẹ̀lú nǹkan dúdú tó ń dán bíi gíláàsì, ó sì kọ́kọ́ rò pé òkè ayọnáyèéfín ni. Irin tó gbé wálé ló tú àṣírí: òkúta ojú ọ̀run ló já lù síbẹ̀. Ìlú kò sí. Iná wà. Àwọn tó sọ ìtàn fún un kò purọ́ nípa iná yẹn, etí ẹni tó ń gbọ́ ló ti kún fún ògiri ààfin.

Tèmi náà ń bọ̀. Ọdún kejì tí mo dé ìdí iṣẹ́, a ń walẹ̀ nínú oko bàbá àgbàlagbà kan. Bí a ti wà á lọ sísàlẹ̀ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, mo bá òkúta mẹ́sàn-án lórí ìlà kan ṣoṣo, ó gún régé. Mo yà á, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ “ògiri” gàdàgbà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo tún fi ìlà méjì sí i nísàlẹ̀. Lálẹ́, mo pe ìyá mi lórí fóònù pé kí wọ́n máa bá mi gbàdúrà, nǹkan ńlá ti dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá olóko gbé iṣu sísun wá kí wa. Wọ́n bojú wo inú kòtò, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi òkúta mi ṣe?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Èmi kọ́ ni mo tò ó? Ibi tí mo máa ń sá kòkó sí ni. Ọdún tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kejì ni mo tò ó, kí àgbàrá má baà máa gbá kòkó lọ.”

Àgbàrá yẹn náà ló bò ó mọ́lẹ̀. Iṣu náà kò ṣeé gbé mì lọ́fun mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mi ò ti í kọ “ògiri” sínú ìwé lọ́jọ́ tí mo bá rí i. “Òkúta mẹ́sàn-án lórí ìlà kan” ni mo máa ń kọ. Kí n tó sì gbé ọkọ́ sílẹ̀ rárá, mo ti jókòó ti onílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹ óò gbọ́ nípa Ubar, ìlú tí ìtàn àwọn Lárúbáwá ní ó sọnù sínú yanrìn, lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, torí ó jọ ìwé ìtàn ju gbogbo wọn lọ. Ní 1984, rádà inú Challenger, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó ń lọ sójú sánmà, ya àwòrán ilẹ̀ láti ojú sánmà, àwọn tó sì yẹ̀ ẹ́ wò rí ojú ọ̀nà ràkúnmí àtijọ́ tó gba abẹ́ yanrìn kọjá. Wọ́n tọ̀ ọ́ dé Shisr ní Oman, níbi tí àwọn oníṣòwò tùràrí ti máa ń pọn omi. Wọ́n bá àwókù odi tí apá kan rẹ̀ ti ya lulẹ̀ sínú ihò ńlá, torí pé inú ilẹ̀ tó gbé e dúró ti ṣófo. Ní 1992, ìròyìn gbòde pé a ti rí Ubar, àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni Iram olópòó tí àwọn tó lọ ilé kéú ń kà nínú Súratul-Fajr. Ẹ kíyè sí i, kànga ń bẹ ní Shisr, àwọn ènìyàn ń mu ún. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Juris Zarins, awalẹ̀pìtàn tó ṣáájú wọn níbẹ̀, fúnra rẹ̀ sọ pé ó jọ pé orúkọ agbègbè kan ni Ubar, kì í ṣe ti ìlú kan. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an. Kò rọrùn kéèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ dín ohun tó sọ ọ́ di olókìkí kù.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí ìwé ọmọdé mi lódindi lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù lábẹ́ bíríìjì. Mo ka ogún ojú ewé náà lórí ìdúró. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n rí wúrà, ọ̀tá dé, ẹnì kan fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn, ilẹ̀ mì tìtì, ìlú rì padà, àwọn méjì péré ló sá jáde pẹ̀lú òrùka kan. Inú bí mi díẹ̀. Ìgbà tí mo jókòó sínú dáńfó ni mo tó rí i pé bí gbogbo wọn ṣe ń parí nìyẹn, òǹkọ̀wé kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Bí ìlú náà ò bá rì, ilẹ̀ á mọ́. Ẹnì kan á lọ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba, á lọ kí ọba, á fa okùn, á jọ yanrìn, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àpáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ nọ́ńbà sí i lára, á sì tún wá máa bá àwọn ará abúlé jiyàn lórí owó iṣu. Ta ló fẹ́ ra ìwé yẹn?

Mo ra èyí tó wà nílẹ̀ ṣá. Inú àpótí onírin tí a ń kó tépù àti asẹ́ sí ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lálẹ́ lè mú un, kó kàn má jẹ́ kí epo ta sí i. Mo ti ya ogún ojú ewé ìgbẹ̀yìn kúrò.