Ta Ló Kú? Bí Mo Ṣe Bá Àwọn Aláṣọ Dúdú Dé Whitby

“Ta ló kú?”

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá mi nìyẹn, nígbà tí mo yí fóònù kí wọ́n lè rí ibi tí mo dúró sí. Lẹ́yìn mi, èèyàn ń rọ́ gun àtẹ̀gùn 199 tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Whitby, ìlú etíkun kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dúdú ni wọ́n wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: léèsì dúdú, ìbọ̀wọ́ dúdú, agboòrùn dúdú. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí tìróò ojú wọn nípọn ju ti ìyàwó tuntun lọ.

“Màámi, kò sẹ́ni tó kú. Goth ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn olólùfẹ́ irú orin kan tó máa ń wọ dúdú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fàájì tiwọn nìyí.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn lo lọ bá wọn ṣe?”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí èmi náà rò nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Leeds. Wọ́n pín mi mọ́ obìnrin kan tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Búlúù ni aṣọ iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣíwọ́ ní agogo méje àárọ̀, wọ́n á wọ yàrá lọ, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú irun tó nàró ṣánṣán, ètè dúdú, àgbélébùú fàdákà mẹ́ta lọ́rùn. Orúkọ gan-an ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ẹnu mi ò gbà á, mo bá sọ wọ́n di Àǹtí Dúdú. Odindi oṣù kan ni mi ò fi jẹ bisikíìtì tí wọ́n bá fi lọ̀ mí. Ẹ má bú mi o. Ìwọ tó ń kà á yìí náà, o ò ní jẹ ẹ́.

Alẹ́ máa ń gùn nílé arúgbó. Láàárín agogo méjì sí mẹ́rin, bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ aago pè wá, Àǹtí á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọmọ iléèwé ni Àǹtí nígbà tí ẹgbẹ́ olórin The Sisters of Mercy bẹ̀rẹ̀ ní Leeds níbẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ yẹn ò ní onílù. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù fún wọn, wọ́n sì sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ bí ọmọ: Doktor Avalanche. Mo ní ìlù tí kò sí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀, irú ìlù wo nìyẹn? Àǹtí ò fèsì, wọ́n kàn ki ìgbọ́rọ̀ bọ̀ mí létí. Ohùn olórin náà ń bọ̀ bí ẹni pé láti ìsàlẹ̀ kànga. Gìtá béèsì, tí àwa máa ń fi sẹ́yìn, ló wá ń sọ̀rọ̀ níwájú bí ìyáàlù, tí àwọn yòókù ń gbè é. Ìyẹn ni mo lóye kí n tó lóye ohunkóhun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ goth.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń là mí lóye. Àwo orin tí ọ̀pọ̀ wọn kà sí àkọ́bí ni èyí tí ẹgbẹ́ Bauhaus, àwọn ọmọ Northampton, gbé jáde ní 1979, orin kan ṣoṣo tó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Ní 1982, ilé ijó Batcave ṣí ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ìmúra náà ti gbilẹ̀.

Mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ẹ wo bí àlejò ṣe máa ń pe gbogbo aláṣọ funfun ní ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Sẹ̀lẹ́ ò ní gbà kí o pe òun ní Kérúbù. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn ti ìpilẹ̀ wà, bíi Àǹtí, tí wọn ò kúrò nínú orin ìgbà náà. Àwọn tó ń múra bí ará ayé Ọbabìnrin Victoria wà, tó jẹ́ pé aṣọ ká wọn lára ju orin lọ. Los Angeles ni àwọn deathrock ti ṣẹ̀ wá, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Christian Death. Àwọn cybergoth ń so irun rọ́bà aláwọ̀ ewé mọ́rí, wọ́n ń jó orin ẹ̀rọ tí àwọn bíi Front 242 ti Bẹ́ljíọ̀mù tẹ ọ̀nà rẹ̀. Àǹtí ní wọ́n ń jó bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òfurufú. Èmi fẹ́ràn Cocteau Twins láti Scotland, tí olórin wọn máa ń kọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá nígbà míì, bí ìgbà tí ìyá bá ń kùn fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Andrew Eldritch, olórí Sisters of Mercy fúnra rẹ̀, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun kì í ṣe goth. Wòlíì ní òun ò sí nínú ìjọ, ìjọ sì kún fọ́fọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, mo bi wọ́n léèrè ìdè dúdú tí wọn kì í bọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ìrántí Sophie Lancaster ni, ọmọ ogún ọdún, wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ní 2007, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lù ú pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Bacup nítorí ìmúra wọn. Ọmọkùnrin náà yè é, Sophie kú. Nígbà tó di 2013, ọlọ́pàá Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwà ọ̀daràn ìkórìíra.

Èmi náà sọ tèmi: ẹyin tí àwọn ọmọ kan sọ lù mí níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àǹtí ní wọ́n ti sọ ìgò lu àwọn náà rí. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: “Àǹtí, dúdú tiyín ṣeé bọ́. Tèmi ò ṣeé bọ́.”

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní àwọn ò bọ́ tàwọn láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àmọ́ àwọn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n sún àwo bisikíìtì sọ́dọ̀ mi. Mo mú méjì.

Bí mo ṣe dé Whitby nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí goth ti ń pé jọ síbẹ̀, láti 1994, torí pé ibẹ̀ ni Dracula, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé ìtàn 1897, ti gúnlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí jet, igi àtayébáyé tó di òkúta dúdú, tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀fọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1861. Kò sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ títí òun náà fi kú ní 1901. Àwa ń ka ogójì ọjọ́. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogójì ọdún.

Dàńṣíkí etù ni mo wọ̀. Bàbá kan tó dé fìlà gogoro dá mi dúró, ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó béèrè bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́ tó fi dú tó báyẹn. Mo sọ̀rọ̀ aró fún un títí òtútù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ìyá mi ṣì wà lórí fóònù. Wọ́n ti tẹjú mọ́ Àǹtí, tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́yìn mi.

“Sún mọ́ ìyá yẹn dáadáa kí n rí i. Háà. Léèsì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa o. Bá mi bi í, èló ni yáàdì kan?”