Ohun tí mo jẹ lẹ́yìn eré òwúrọ̀

Mo sáré kìlómítà 7 láàárọ̀ yìí, láti ẹnu Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní ilẹ̀ Benin, mo gba ojú títì tó lọ sí Pobẹ̀, mo sì padà. Nígbà tí mo dúró, ebi dé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Tẹ́lẹ̀, bísíkíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni mo máa ń rà. Kì í pé rárá tí inú á tún fi ṣófo. Lónìí, mo yà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà.

"Ẹ kú àárọ̀, ìyá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Òógùn ti bò ọ́! Jókòó ná."

Ó fi síbí gbígbòòrò kó àkàrà márùn-ún jáde nínú epo. Etí wọn pọ́n, wọ́n ń ta ṣíoṣío, inú wọn rọ̀ bí òwú. Ó bó ewé lára ẹ̀kọ méjì, ó gbé e fún mi. Háà, ó dùn!

Ẹ̀kọ ń dá okun padà, ẹ̀wà inú àkàrà sì ní purotéènì tí iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí mi ò bá fẹ́ epo, ẹyin sísè méjì (ọ̀kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6 purotéènì), ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà yíyan ni. Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ mu ṣáá o.

Títí di aago méjìlá, ebi ò pa mí.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, wàrà díndín ló kù tí mo fẹ́ dán wò. Ta ló ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ Sátidé?