Ìrìnàjò wa sí Cooperstown: káàdì, ìfọwọ́sí àti orúkọ Bud Fowler

Kò sí rélùwéè tó dé Cooperstown. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti New York City á fi mọ́tò rìn bíi wákàtí mẹ́rin, á gba ẹ̀gbẹ́ òkè Catskill, á máa kọjá láàárín oko àgbàdo àti pápá màlúù títí yóò fi yọ sí adágún Otsego. Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 2,000. Síbẹ̀, kò síbi tó tó o lójú àwa tí à ń kó káàdì béésìbọ́ọ̀lù jọ, tí à ń wá ìfọwọ́sí àwọn eléré kiri. Ibẹ̀ ni National Baseball Hall of Fame wà láti 1939, ilé tí wọ́n ti ń fi àwọn akọni eré náà joyè. Oṣù keje la lọ, ní ìparí ọ̀sẹ̀ ìwúyè gan-an, nígbà tí àlejò kún ìlú bámúbámú.

Baltimore ni mò ń gbé. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló fún mi ní páálí káàdì kan nígbà tó ń kó kúrò nílé rẹ̀. Àwòrán eléré ló wà níwájú káàdì, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló mú mi lọ́kàn. Ọjọ́ ìbí, ìlú tí wọ́n ti bí i, bó ṣe ga tó, ẹgbẹ́ tó ti bá gbá bọ́ọ̀lù, ohun tó ṣe lórí pápá lọ́dọọdún, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ wínníwínní. Láti ìgbà náà, bí Orioles, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Baltimore, bá ń ṣeré ní pápá wọn, Camden Yards, bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì ni mo ti ń wọlé, máa lọ dúró lẹ́bàá ibi tí àwọn eléré ń gbà jáde, tèmi ti káàdì, tèmi ti máàkà. Lọ́jọ́ tí mo rí káàdì Demi Orimoloye, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi ní Ọ̀ṣogbo láti sọ fún wọn. Èkó ni wọ́n bí ọmọkùnrin náà sí, Kánádà ló dàgbà sí, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers sì mú un ní 2015. Líìgì kéékèèké ló ti gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òun ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú álíbọ́ọ̀mù mi.

Kí n tó bọ́ sọ́nà Cooperstown, mo kọ́kọ́ yà sí Manhattan, ní Metropolitan Museum of Art. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nínú ilé tí wọ́n kó àwọn ère Íjíbítì àti àwòrán àwọn ọba Yúróòpù sí yẹn, káàdì béésìbọ́ọ̀lù tó lé ní 30,000 wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ló kó wọn jọ, Jefferson Burdick, ará Syracuse. Kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé iṣẹ́ ni pé kó máa to irin iná mànàmáná pọ̀, àìsàn oríkèé-ara-ríro sì ti ká a lọ́wọ́ kò. Bẹ́ẹ̀ ló fi owó iṣẹ́ yẹn ra káàdì sìgá, káàdì ìkíni, oríṣiríṣi ìwé pélébé tí àwọn ẹlòmíràn ń jù sálẹ̀, títí wọ́n fi lé ní 300,000. Láti 1947 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ta ilé náà lọ́rẹ. Nígbà tó yá, ó ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó ń ro ó yẹn lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kìíní 1963 ló lẹ èyí tó kẹ́yìn. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Òun náà ló fún àwọn káàdì yìí lórúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n títí dòní. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn olùkójọ ń sọ pé "T206", ìwé àkójọ orúkọ káàdì tí Burdick kọ ni wọ́n ti rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wọn síta, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ba àwọ̀ wọn jẹ́, nítorí náà ìwọ̀nba ni mo rí. Mo dúró síwájú gíláàsì pẹ́. Mo ń wo bí wọ́n ṣe kéré, bí àwọ̀ ewé àti pupa ṣe ṣì ń tàn lára wọn, mo sì ń ro ti ọwọ́ tó lẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Bronx ló wà wá lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni tiwọn láti kékeré, wọn ò fẹ́ràn béésìbọ́ọ̀lù rárá.

"Ṣé nítorí bébà yìí náà lo ṣe jí mi ní aago márùn-ún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún wọn lójú ọ̀nà. Mo sọ ti káàdì Mickey Mantle, akọni eléré New York Yankees, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952. Èyí tó kù nílẹ̀ nínú káàdì ọdún náà kò tà, ó gbàyè ní ilé ìkẹ́rùsí, ni Sy Berger, ẹni tó ṣètò wọn gan-an, bá kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1960, ó sì dà wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ní 2022, ẹyọ Mantle kan ṣoṣo nínú èyí tó ṣẹ́ kù lókè ilẹ̀ tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi dẹ eré mọ́tò, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Àjà kẹta Hall of Fame ni wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ń pè ní Shoebox Treasures sí, fún ìtàn káàdì nìkan. Káàdì Honus Wagner, akọni eléré àtijọ́, wà níbẹ̀, T206 tí American Tobacco Company fi sínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911. Wagner ní kí wọ́n má tẹ òun mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tà ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là ní 2022. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé máa ra tábà nítorí àwòrán òun. Àwọn mìíràn ní owó rẹ̀ ló ń bèèrè. Èmi ìbá fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ Wagner fúnra rẹ̀ a máa jẹ tábà, kò sì rọrùn láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ti lọ.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an kò sí nínú gíláàsì káàdì. Ó wà nísàlẹ̀, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n gbé àwo idẹ àwọn tó ti joyè kọ́ sí. Mo wá ti Bud Fowler, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó gba owó eré béésìbọ́ọ̀lù. John Jackson ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, 1858 ni wọ́n bí i, ìlú Cooperstown yìí kan náà ló sì dàgbà sí. Ó ti ń gba owó eré ní 1878, ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kí Jackie Robinson, ẹni tó fọ́ ìdènà tí wọ́n gbé ka aláwọ̀ dúdú ní líìgì àgbà, tó bọ́ sí pápá fún Brooklyn Dodgers. Ìlú dé ìlú ló ń lọ, nítorí ibi tó bá dé, bó ṣe ń gbá a dáadáa tó, wọ́n á ní àwọn kò lè bá aláwọ̀ dúdú ṣeré. Ó kú ní 1913. Kò sí òkúta lórí sàréè rẹ̀ títí di 1987. Ní 2013 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kékeré tó wọ Doubleday Field, pápá béésìbọ́ọ̀lù ìlú náà, wọ́n ń pè é ní Fowler Way, ní 2022 wọ́n wá fi jẹ oyè.

Àwọn tí wọ́n ń tẹ káàdì ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fo àwọn eléré Negro Leagues, líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú, tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì Oscar Charleston láti ìgbà tó wà lórí pápá, Kúbà ni yóò ti rí i, nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ sìgá Billiken tẹ̀ ní 1923 sí 1924. Ti Josh Gibson, Puerto Rico la ti rí i, Toleteros ti 1950 sí 1951, nígbà tí Gibson ti kú láti 1947. Ní 2024, tí wọ́n da àkọsílẹ̀ Negro Leagues pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, Gibson ló bọ́ síwájú Ty Cobb, ẹni tó wà lókè tẹ́lẹ̀, nínú ìwọ̀n bí eléré ṣe ń fi igi lu bọ́ọ̀lù jálẹ̀ ìgbà eré rẹ̀, .372. Irú akọni bẹ́ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kankan kò bá a nínú páálí ṣìngọ́ọ̀mù nígbà ayé rẹ̀. Inú ń bí mi sí i, mi ò sì fẹ́ kó yéé bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi owó mi ra káàdì àwọn tí wọ́n fò dá, kódà èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ láìpẹ́, tí kò ní iye kan lórí lọ́jà.

Lọ́sàn-án, a jáde sí Main Street. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ ìwúyè, àwọn eléré àtijọ́ máa ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á tò. Ẹlòmíràn mú igi wá, ẹlòmíràn mú fìlà tàbí káàdì ìfìwéránṣẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí Hall of Fame ń tà, tó ní àwòrán àwo idẹ eléré kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù ni mo mú ní tèmi. Bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ni mo tò sí iwájú wọn. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà, wọ́n yí i ní ọwọ́ òsì títí wọ́n fi rí ibi tóóró tí okùn pupa méjèèjì ti súnmọ́ra jù. Máàkà ni mo nà sí wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n mú bírò aláwọ̀ búlúù tiwọn, nítorí máàkà a máa ràn lára awọ, bó bá pé ọdún díẹ̀ á ti di àbàwọ́n. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n títí bírò fi kan bọ́ọ̀lù, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló gba ọwọ́ náà. Gbogbo lẹ́tà ló hàn ketekete, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ eléré òde òní, ìlà kan ni wọ́n máa ń fà.

Wọ́n bi mí ta ni àwọn máa kọ ọ́ fún. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún Mojísọ́lá, ọmọ mi. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi sọ pé mo ti dín iye bọ́ọ̀lù náà kù, pé ẹni tó bá fẹ́ tà kì í jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Òótọ́ ló sọ tó bá ṣe ti ọjà. Mi ò tà á. Bàbá náà ní kí n pe orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ pé.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Láàárín 1990 sí 2000, FBI mú àwọn ẹgbẹ́ kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, tí wọ́n ń jókòó sílé fọwọ́ sí orúkọ àwọn akọni, àti òkú àti alààyè. Láti 2001 ni líìgì àgbà ti ní ètò tiẹ̀, ẹlẹ́rìí á wà níbẹ̀, wọ́n á lẹ sítíkà tó ń dán tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn. Èyí tí mo bá fojú mi rí ni mo fẹ́ràn jù.

Bí a ṣe ń padà, ẹ̀gbọ́n mi bi mí níbi tó kàn. Kansas City ni, níbi tí Rube Foster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Negro National League sílẹ̀ ní 1920. Negro Leagues Baseball Museum wà níbẹ̀, ní 18th àti Vine.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Cooperstown ní oṣù keje: ẹ tètè gba yàrá láti ìgbà òtútù. Oneonta kò jìnnà, owó yàrá ibẹ̀ sì máa ń rọjú díẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò yín sí àwọn pápá ìgbọ́kọ̀sí ìta ìlú, ẹ wọ ọkọ̀ èrò tó ń gbé èèyàn wọ àárín ìlú. Ẹ mú bírò búlúù dání fún bọ́ọ̀lù, máàkà fún káàdì, kí ẹ sì wọ bàtà tó rọ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí ìlà ibẹ̀ máa ń gùn.