Àyẹ̀wò ọdún 2025: Ọdún tí mo tọ́ ṣémínárì wò

Àwọn tó máa ń ka àyẹ̀wò ọdún mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ló máa ń kún inú rẹ̀, iṣẹ́ àkáǹtì ni mo kúkú ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ìyẹn. Mo kó àjọ, owó náà sì bá ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ. Ilẹ̀ wa ṣì wà níbi tó wà, koríko ló ń jẹ ayé níbẹ̀. Ara le, a dúpẹ́. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ṣémínárì, ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà àti pásítọ̀, ló gbà mí lọ́kàn lọ́dún yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bí iṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí n'Ìbàdàn, àwọn bàbá àti ìyá tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn. Níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́? Kí ló dé tí ìran Jésù tí Mátíù tò kò bá ti Lúùkù mu? Ìwé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè sùkúù tí wọ́n ń fún wa kì í dé irú ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n Áńgílíkà ni mí, obìnrin sì ni mí. Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà kì í fi obìnrin jẹ oyè àlùfáà. Gbogbo ẹni tí mo bá mẹ́nu bà á fún, ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: kí lo fẹ́ fi ṣe? Màmá mi kò tiẹ̀ fi bò. "Àdùkẹ́, ìwọ tí wọn ò ní wọ kásọ́ọ̀kì fún, ìwé àlùfáà lo fẹ́ fi owó ọkọ ẹ kà?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, owó tèmi ni." Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni àwọn bi mí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ní tiwọn gbà pé ṣémínárì ni wọ́n ti ń sin òkú ìgbàgbọ́ èèyàn. Ẹni tó bá gbé iná Ẹ̀mí wọlé, eérú ló máa gbé jáde. Wọ́n sì tún fi kún un pé ẹni tí Ọlọ́run bá pè kì í lọ máa tọ́ ìpè wò. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀, àmọ́ Àjàyí Crowther tí gbogbo wa fi ń yangàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown ní 1827, ó sì tún lọ jókòó sí ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ní Islington, n'London, kí wọ́n tó fi jẹ àlùfáà ní 1843. Tí ìpè tiẹ̀ bá lè fara da kíláàsì, tèmi náà á fara dà á. Ọ̀rọ̀ owó sì tún wà níbẹ̀. Dìgírì M.Div. (Master of Divinity) tí wọ́n ń fún ẹni tó ti ní dìgírì kan tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni fún ẹni tí kò bá ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ní ọjà Bódìjà, ta ló ń wọn gàrí láìkọ́kọ́ ju díẹ̀ sẹ́nu? Mo bá ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà gbé àwọn kíláàsì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: Christine Hayes ló kọ́ Májẹ̀mú Láéláé níbẹ̀ ní 2006, Dale Martin sì kọ́ Májẹ̀mú Tuntun ní 2009. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìdánwò. Inú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ Hayes, nínú gosiló Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ tó kọ́ Jẹ́nẹ́sísì ni mo gbọ́ ohun tí ojú mi ti ń fò kọjá láti kékeré: ní orí kìíní, ẹranko ló ṣáájú ènìyàn, takọtabo la sì dá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní orí kejì, ọkùnrin ló ṣáájú, ẹranko tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni obìnrin. Ó wá ṣàlàyé bí Julius Wellhausen, ará Jámánì kan ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ṣe sọ pé ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n hun pọ̀ di ìwé Mósè, àti ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti bá a fà á láti ìgbà náà.

Mo wá ń ṣọ́ ìgbàgbọ́ mi bóyá á kú bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wí. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìsìn òwúrọ̀, mo kọrin, mo gba Ara Olúwa. Ó ṣì wà láàyè.

Nǹkan kan ṣì kù díẹ̀ káàtó nínú kíláàsì Yale náà ṣá. Àwọn tó fẹ́ mọ ìwé ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè níbẹ̀ pé kí ni wàá sọ fún opó tó bá fà ọ́ ní gèlè lẹ́yìn ìsìn pé òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá ṣémínárì gan-an lọ.

Ṣémínárì kan ní Amẹ́ríkà ṣí kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan fún àwọn tó fẹ́ wò ó kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Aago méje alẹ́ tiwọn, aago kan òru tiwa. Wọ́n mú iná lọ, mo bọ́ sórí inverter, ọkọ mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí a ṣe ń bẹ aláìsàn wò. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣémínárì ló ń lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn ní ọsibítù, wákàtí 400 sì ni ìpín kan ṣoṣo nínú ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ náà kì wọ́n nílọ̀ pé tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ikú ń bọ̀ wá mú, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n má tètè sáré sínú àdúrà.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. N'Ìbàdàn wo? Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù ní UCH tí n kò sì tíì gbàdúrà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ẹbí aláìsàn á ti máa wo ojú ara wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni obìnrin yìí ń lọ ná. Síbẹ̀ mo mú ẹ̀kọ́ náà lò. Mo ti ń bá ẹgbẹ́ abẹniwò ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ báyìí, mo sì ti wá ọ̀nà kan: mo máa ń gba àdúrà kúkúrú ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀, lẹ́yìn náà ni n óò wá fa àga, n óò jókòó. Lẹ́yìn àdúrà yẹn gan-an ni àwọn aláìsàn ti máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ó wá ku ti ilé. Ilẹ̀ Yorùbá ò ṣàìní ṣémínárì: ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1898, ti ìjọ ECWA wà ní Ìgbájà, ti Kátólíìkì wà ní Bódìjà níbí, Vining wà ní Àkúrẹ́, Immanuel sì wà ní Sámọ́ńdà láti 1958, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀. N kò ní sọ ibi tí mo lọ nínú wọn tàbí lẹ́yìn wọn, torí ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì bíi mélòó kan ò tó láti fi dá ilé-ìwé kankan lẹ́jọ́. Ibì kan wà tí ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní kí n lọ gba lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù wá kí n tó lè jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì fún wákàtí kan. Ó tún bi mí pé, "Ọkọ yín ńkọ́ ma? Ṣé àwọn ni wọ́n fẹ́ wá?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá ọ̀nà mi lọ. Níbòmíràn, àwọn olùkọ́ fúnra wọn ló ní kí n wọlé. Ẹni bá fẹ́ ṣe irú èyí, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Kíláàsì ìwàásù ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń wàásù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn yòókù á sì tú u palẹ̀. Arákùnrin kan tó ti ṣe katikíìsì tẹ́lẹ̀ gun orí àga ìwàásù, ó mú Fílípì 4:13: "Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi." Ó gbóná! Físà ń bọ̀, kọ́ńtíráàtì ń bọ̀, ìwọ náà á kọ́lé lọ́dún yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àmín. Nígbà tó parí, tó ń fi háńkáṣíìfù nu ojú, olùkọ́ kò sọ nǹkan kan ju pé kó ka ẹsẹ 11 àti 12 sétí wa. Ó kà á: Pọ́ọ̀lù ní òun ti kọ́ bí a ti ń ní ìtẹ́lọ́rùn, nígbà tí òun yó àti nígbà tí ebi ń pa òun. Olùkọ́ ní, "Ibo ni físà wà níbẹ̀, Bùrọ́dà?" Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ó ní kó mú ẹsẹ yẹn kan náà padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì wàásù rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ físà fún.

Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni mo mọ̀ pé kò wù mí láti wà lórí àga yẹn. Kò wù mí rárá. Gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń bi mí ní ìbéèrè kásọ́ọ̀kì, ó ti fẹ́ẹ̀ dà bíi pé ohun tí mò ń wá nìyẹn. Àlááfíà ńlá ni mo bá jáde ní kíláàsì náà.

Ti Hébérù ló wá mú mi. Àlùfáà àgbà kan ló ń kọ́ ọ. Ó ń kọ lẹ́tà sójú pátákó láti ọ̀tún sí òsì, ṣọ́ọ̀kì ti kún ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, kóńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn ìbí Olúwa kí àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tí wọ́n ń pè ní Masoretes tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dọ́ọ̀tì àti ìlà kéékèèké sí abẹ́ lẹ́tà àti orí rẹ̀ kí ohùn fáwẹ̀lì má bàa sọnù. Nígbà tí Bàbá fi àwọn dọ́ọ̀tì náà sójú pátákó, ìkùnsínú gba kíláàsì kan. Bàbá yíjú padà: "Ọmọ Yorùbá ló ń kùn nítorí àmì abẹ́ lẹ́tà? Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì sí orúkọ ara yín!" Wọ́n wá nawọ́ sí mi lẹ́yìn, "Mọ́mì, ẹ ka ti ìlà yẹn." Mo kà á, ahọ́n mi ń kọsẹ̀. Ẹsẹ kìíní Jẹ́nẹ́sísì ni. N kò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo padà lọ síbẹ̀.

Kíláàsì ìtàn ìjọ náà dára, ọdún yìí sì bá a mu: 1700 ọdún rèé tí Ọba Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea ní 325 nítorí Arius, àlùfáà Alẹkisáńdíríà tó ní ṣe ni Ọlọ́run dá Jésù Ọmọ rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea tí à ń kà nígbà Ìdàpọ̀ Mímọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Constantinople ní 381 ni. Nígbà tí wọ́n yan Póòpù Leo ní oṣù karùn-ún tó ní ọmọ Augustine ni òun, èmi nìkan ni mo pariwo ní ọ́fíìsì wa pé ọmọ Áfíríkà ni Augustine o, Àlùjíríà òde òní ni Hippo tó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù wà!

Olùkọ́ ìtàn yìí náà ló darí mi sọ́dọ̀ Mercy Oduyoye. Gánà ni wọ́n bí wọn sí, ọmọ Yorùbá ni ọkọ wọn, wọ́n sì kọ́ni ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí. Ní 1989, wọ́n kó àwọn obìnrin Áfíríkà tó ń kọ́ nípa Ọlọ́run jọ sí ẹgbẹ́ kan tó wà títí di òní, kí wọ́n lè máa kọ ìwé tiwọn. Mo ti gbé ní ìlú yìí láti kékeré, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn sí mi létí rí. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí nìyí. N kò ní lọ ka M.Div. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń wá, èyí tó ní Hébérù àti ìtàn ìjọ nínú dáadáa, tí kò sì ní béèrè pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ti gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní, kí fọ́ọ̀mù tèmi tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà kíláàsì mi ti ń béèrè ìgbà tí a máa padà sí ọ̀rọ̀ ìyàwó Kéènì. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Hébérù lọ́jọ́ Sátidé n'Ìbàdàn tàbí nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ má kàn ní kí n lọ gbàdúrà sí i. Mo ti ń gbà á.